Adágún Ìyá Ọkọ

Kíkun ilẹ̀ lọ́dà lórí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ ìyàwó yìí. Wọ́n á ya àwòrán ìgbèríko láti òfurufú, òun á wá fi àwọ̀ ewé kun igbó, oko á gba yẹ́lò, ilé á gba pupa, omi á gba búlúù, kí ó lè di máàpù. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi tó bá ń ròyìn rẹ̀ nílé ọkọ.

Àfi ìgbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láago láti abúlé.

"Ìyàwó mi, àwọn òṣìṣẹ́ omi ní àwọn ò ní gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa mọ́ o. Wọ́n ní máàpù tuntun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ sọ pé a ti ní adágún. Níbo ni adágún ọ̀hún wà tí èmi fi ń rìn lọ sódò láràárọ̀, tí ẹ̀yìn ń ro mí?"

Ìyàwó ṣí máàpù. Lóòótọ́ ni, adágún búlúù kan tẹ́ rẹrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé náà, òun gan-an ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún. Ọjọ́ kejì ni ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ fẹ́ fọwọ́ sí máàpù náà. Kíá ló wọkọ̀, ó di abúlé.

Ìyá ọkọ rẹ̀ mú un lọ síbi tí ìyàwó júwe fún un. Ibi tí àwọn obìnrin ti ń sá àgbàdo ni. Wọ́n ti rán tapólíìnì búlúù pọ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọn ò sì tíì da àgbàdo lé e. Ó ń dán yinrin nínú oòrùn.

Ìyàwó lanu, kò lè pa á dé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Adágún yín rèé."

"Èwo?"

"Tapólíìnì yìí náà ni. Èmi ni mo pè é lómi."

Ìyá wò ó, ó wo tapólíìnì. Ó bọ́ bàtà, ó ká ìró dé orúnkún, ó gun orí tapólíìnì, ó ń fapá lúwẹ̀ẹ́ lórí ìdúró. "Ẹ gbà mí o! Ìyàwó mi fẹ́ kí n rì sómi!" Àwọn obìnrin tó kù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú sì ń tì í.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú ọ̀gá, ó ṣàlàyé láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ọ̀gá wo fọ́tò tapólíìnì náà tí ìyàwó yà sínú fóònù, ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín náà ṣì já mọ́ ọn lọ́wọ́. "Pa adágún yẹn rẹ́ kí n tó fọwọ́ sí i," ni ó wí.

Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ náà tán, ìyàwó àti ọkọ rẹ̀ lọ wò ó. Ìyá di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá. Garawa ti kún, ó ti ń ṣàn sílẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò gbọ́ ìkíni wọn. Omi ti rọ́ sínú kòtò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó wá gbójú sókè, ó rí wọn, ó nàka sí kòtò náà.

"Ìyàwó mi, ó yá, gbé búlúù rẹ wá. Èyí lomi."