Tíkẹ́ẹ̀tì Ọwọ́ Mísì Strachan

Mísì Euphemia Strachan fi owó bàbá rẹ̀ kọ́ ilé ìwòsàn fún ìlú wa, wọn kò sì jẹ́ kí àbúrò mi wọ inú rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bàjẹ́.

Bí èmi ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn. Ìwé ìròyìn máa ń sọ ọ́ lọ́nà míì. Wọ́n ní "ìyá àwọn aláìní" ni. Kò bímọ, kò sì sí aláìní kan tó rí ọmú rẹ̀ mu. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi fọ aṣọ ilé rẹ̀. Inú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di ọṣẹ ni mo ti kọ́ ara mi ní ìwé kíkà, nítorí náà mo mọ ohun tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀, mo sì mọ ohun tó wà lára aṣọ ibùsùn rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ dídùn àti ọṣẹ, ọṣẹ nìkan ló ń mú nǹkan mọ́.

Bàbá rẹ̀, Hector Strachan, ló kọ́kọ́ kó àgùntàn wá sí apá ibi tí a wà yìí. Ó lé àwọn tó ni ilẹ̀ náà kúrò létí odò, ẹnikẹ́ni kò sì bi í. Nígbà tó kú, ó fi ilẹ̀ tí ẹṣin á fi ọjọ́ méjì là já sílẹ̀ fún ọmọ kan ṣoṣo tó bí, pẹ̀lú ilé olókùúta tó ní yàrá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mi ò rò pé Mísì fọwọ́ kan ààyè àgùntàn rí. Ó ń mu tíì, ó ń kọ lẹ́tà, ó ń lọ sí ìlú ńlá Melbourne lọ rán aṣọ dúdú, nítorí ọdún mọ́kànlá ló fi ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀, ọ̀fọ̀ náà sì yẹ ẹ́. Ìgbà tí ọ̀fọ̀ sú u ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú.

Ilé ìwòsàn náà dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ogún ibùsùn, fèrèsé gíga, orúkọ bàbá rẹ̀ lára òkúta lókè ilẹ̀kùn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó orí ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó kò lè dédé wọ ibẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mú tíkẹ́ẹ̀tì wá láti ọwọ́ ẹni tó dáwó sí i. Ẹni tó bá dá díẹ̀ ń gba tíkẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì lọ́dún, kó fi ran ẹni tó bá wù ú. Mísì ló dá èyí tó pọ̀ jù, nítorí náà ogójì ló ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún. Kì í sì í fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ lọ wo ilé onítọ̀hún, bóyá ó "yẹ fún àánú."

Con, àbúrò mi, ń gbé lọ́dọ̀ mi. Kò sí ẹni tó mọ irun àgùntàn rẹ́ bíi Con Tierney ní gbogbo agbègbè wa: ọgọ́fà lójúmọ́, láìdá ọgbẹ́ sí wọn lára. Inú àgọ́ ìrẹ́run Mísì gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan tí àgbò tàpá, tí ẹnu àlùmọ́gàjí sì wọ ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò òsì rẹ̀. Ó fi tábà dí ojú ọgbẹ́, ó fi àkísà dì í, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Nígbà tó fi di Àbámẹ́ta, ọwọ́ náà ti wú dé ìgbọ̀nwọ́, ó pupa, ó ń dán bíi tòmátì.

Bessie Gadsby, aládùúgbò mi, yá mi ní kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀, mo fi gbé e lọ. Loftus tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn wò wá.

"Tíkẹ́ẹ̀tì yín dà?"

"Ojú ẹ ò rí ọwọ́ rẹ̀ ni?"

"Mo rí ọwọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mi ò rí."

"Ibùsùn mélòó ló ṣófo níbẹ̀ yẹn, Loftus?"

"Mẹ́sàn-án. Nóra, má kó bá mi, jọ̀ọ́. Wọ́n á lé mi dànù. Lọ bá Mísì."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, èmi tí mo jẹ́ Kátólíìkì, gbogbo ìjọ ń wò mí bí ajá tó ṣìnà wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mísì. Con ni. Ọwọ́ rẹ̀ ń pa á lọ."

"Tierney, o mọ̀ pé n kì í fọwọ́ kan kálàmù lọ́jọ́ Olúwa."

"Ìlà kan péré ni, mà."

"Òfin Olúwa ni, kì í ṣe ìlà kan péré. Màá wá wo ilé yín lọ́la, ní aago mẹ́ta."

Ó wá lọ sílé lọ jẹ ẹran àgùntàn sísun tí alásè rẹ̀ ti jí ní aago márùn-ún tọ́jú. Ọjọ́ Olúwa kò kan alásè.

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe tèmi, mi ò sì ní dá ẹlòmíì lẹ́bi rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, àlejò kì í wọlé kó bá tábìlì lásán. Bí ebi bá tilẹ̀ ń pa ọ́, wàá yan kéèkì. Bí o kò ní aṣọ tábìlì, wàá yá a. Pàṣán ni ìyá mi fi kọ́ mi ní ìyẹn. Láti ìdájí ọjọ́ Ajé ni mo ti ń fọ ilẹ̀, mo fi ẹfun kun ojú ààrò. Mo yá aṣọ tábìlì funfun nílé Fadá. Bessie kó ẹyin àti ọ̀rá wàrà wá, ó sì gbé ìkòkò tíì fàdákà tí wọ́n fi dá a lọ́lá níbi ìdíje bọ́tà dání. Mo yan kéèkì, mo fi jáàmù sí àárín rẹ̀. A wọ ẹ̀wù mímọ́ fún Con, a gbé e jókòó sórí àga, ibà ń gbọ̀n ọ́n.

Ó wo tábìlì. "Nóra, ṣé ẹ fẹ́ kó gbà mí là ni, àbí ẹ fẹ́ kó fẹ́ mi?"

"Pa ẹnu ẹ dé, kó o jókòó dáadáa," ni Bessie wí. "Ta ló máa fẹ́ ẹ, ìwọ tó ń rùn bí àgbò?"

"Ó kúkú lówó. Tó bá ti lè máa sùn ní yàrá àkọ́kọ́, kí n máa sùn ní ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n, mo gbà."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Aago mẹ́ta gééré ni Mísì wọlé. Con dìde dúró fún un, nítorí bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn, ó sì fi ọwọ́ tó wú náà pa mọ́ sẹ́yìn kí ó má baà rí obìnrin lára. Mísì jókòó. Ó jẹ ègé kéèkì mẹ́ta, ó ń nu ọ̀rá wàrà kúrò lórí irun ètè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ìkòkò tíì sókè, ó wo ìdí rẹ̀.

"Fàdákà ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹyin mẹ́fà ló wà nínú kéèkì yìí, bí n kò bá ṣìwí."

"Mẹ́rin ni, mà."

"Ọkùnrin yìí sì lè dá dúró. Ilé yìí kò ṣaláìní, Tierney. Tíkẹ́ẹ̀tì mi wà fún àwọn tí kò ní nǹkan kan."

Bessie kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Tèmi ni ìkòkò tíì yẹn! Ẹ wò ó, orúkọ mi ló wà lára ẹ̀. Aṣọ tábìlì, ti ilé Fadá ni. Ife méjì ni Nóra ní láyé ẹ̀, ọ̀kan sì ti sán!"

Mísì gbé ife sílẹ̀. "Ẹ lọ yá wọn láti fi tàn mí jẹ, àbí?"

"Láti fi yẹ́ yín sí ni, mà," mo wí.

"Òtítọ́ nìkan ló ń yẹ́ni sí."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn. Mo fa ọwọ́ Con síwájú, mo tú àkísà ara rẹ̀, òórùn rẹ̀ gba inú ilé. Mísì yí ojú kúrò.

"Dókítà ni kí o fi han. Kì í ṣe èmi."

Ó dúpẹ́ fún kéèkì, ó bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti lọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ó ti lọ sí Melbourne. Ó fẹ́ lọ bá àwọn obìnrin ńlá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ṣàánú.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, Con ti ń sọ ìsọkúsọ, ó ń pe àgùntàn tí kò sí níbẹ̀. Bessie sáré lọ bá Ezra Coombe, alápatà. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń kàn án lọ́dún, ara rẹ̀ ló sì ń pa á mọ́ dè, bí ọ̀bẹ bá lọ ṣèèṣì gé e.

"Ọwọ́ ta ni?" ni Ezra bi í.

"Ti Con."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ iṣẹ́, ó fọwọ́ sí tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ̀jẹ̀ màlúù wà lára ìwé náà. Kò béèrè ohun tó wà lórí tábìlì wa.

A gbé Con wọ ilé ìwòsàn, dókítà sì tú ọwọ́ náà wò.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti Àbámẹ́ta ló ti wú, sà."

"Kí lẹ wá ń ṣe? Ká ní ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ajé, mi ò bá ti là á kí ọyún jáde. Láàrin oṣù kan, ì bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́."

Mi ò lè sọ fún un pé kéèkì ni mò ń yan lọ́jọ́ Ajé.

Ní òpin ọdún, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá ṣì wà lọ́wọ́ Mísì tí kò fún ẹnikẹ́ni. Ìwé ìròyìn sọ pé àlùfáà rẹ̀ dìde níwájú gbogbo èèyàn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò jẹ́ kí àwọn onírọ́ jẹ oúnjẹ aláìní. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì fọ aṣọ rẹ̀ mọ́.

Lókè ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n ti gé ọwọ́ Con. Àwọn kan ní ṣebí òsì ni, ó ṣì ní ọ̀tún. Wọn kò rẹ́ irun àgùntàn rí nìyẹn: òsì ló ń di ẹran mú. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Con. Ó ń fi ọwọ́ kan gbálẹ̀ àgọ́ ìrẹ́run báyìí, ó ń gbá ìgbẹ́ àgùntàn kúrò lẹ́sẹ̀ àwọn tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́.