Òrùka Tó Ń Jẹ Okùn

Orí ọ̀pá ìwọ̀ ẹja náà yọ síta láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Àpínkẹ́, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Ọlọ́kọ̀ náà tẹ fèrè, ó yọjú, ó wo ọ̀pá, ó wo bàbá àgbàlagbà tó di ìdí rẹ̀ mú láàárín àwọn obìnrin tó ń dirí, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí ó fi kọjá.

"Bàbá, ẹ fa ọmọ yín wọlé o," Àpínkẹ́ wí. "Ẹ̀gbẹ́ títì Agbowó la wà. Bí mọ́tò bá tẹ̀ ẹ́, èmi ò ní òmíràn tí mo máa fún yín."

Ikúbọlájẹ́ fà á wọlé. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni, ó ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní Jọ́gíráfì nílùú Ìbàdàn, kò sì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí rí láyé rẹ̀. Ọmọ́fẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló rán an. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tó ti ibi odò Aṣéjìrẹ́ dé lọ́wọ́ òfo, Ọmọ́fẹ́ bá a lẹ́yìnkùlé wọn ní Bódìjà níbi tó ti ń fi òwú so òrùka kan tó ṣí kúrò lára ọ̀pá. Ó wé òwú náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó tú lẹ́ẹ̀mẹta.

"Gbé e lọ fún Àpínkẹ́," ni Ọmọ́fẹ́ wí. "Òwú tó fi di irun mi láti ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé o rí i pé ó tú?"

Òrùka mẹ́jọ ló wà lára ọ̀pá ìwọ̀ náà, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè. Inú wọn ni okùn ń gbà kọjá kó tó bọ́ sómi. Irin tín-ín-rín méjì ni ẹsẹ̀ òrùka kọ̀ọ̀kan, òwú ni wọ́n sì fi ń wé ẹsẹ̀ náà mọ́ ọ̀pá. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ onídìrí ni, bí ènìyàn bá rò ó dáadáa, ṣùgbọ́n Ikúbọlájẹ́ kò tíì fẹ́ rò ó dáadáa.

Àpínkẹ́ fi réésà fá òwú àtijọ́ kúrò. Ó tẹ́ ẹsẹ̀ òrùka náà sórí ọ̀pá, ó fi òwú dúdú tẹ ìdí òwú náà mọ́lẹ̀ kó má baà tú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé e, ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, bó ṣe máa ń wé irun láti ìdí dé ṣóńṣó.

"Má jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn," Ikúbọlájẹ́ wí.

"Bàbá, ṣé mo wá kọ́ yín ní Jọ́gíráfì?"

Fáìzàh, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n pa irun rẹ̀ tì ní ìdajì nítorí iṣẹ́ yìí, ti kọ́kọ́ fajú ro. Nígbà tó yá, ó gbé fóònù jáde, ó ń ya fídíò. "Mọ́mì, ẹ ń dirí fún igi! This one no go complain say e dey pain am."

Àpínkẹ́ fa ìdí òwú náà gba abẹ́ àwọn ìlà tó kẹ́yìn, ó gé e, kò sì sí kókó kankan níbẹ̀. Ó fi kútẹ́ẹ̀sì tí kò láwọ̀ kùn ún kí omi má baà wọ inú òwú. Ikúbọlájẹ́ fi àtàǹpàkò tẹ òrùka náà, kò mì. Inú rẹ̀ dùn, ó sì dùn ún díẹ̀ pé inú òun dùn.

"Kí ló tú u tẹ́lẹ̀?" Àpínkẹ́ bi í.

"Ẹja ni. Ó fà á, okùn já, òrùka ṣí."

"Àbí okùn yín ti gbó ni?"

"Tuntun ni! Ọmọ mi ló fi í ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó lóṣù tó kọjá."

Ó fi ìgbéraga sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni etí rẹ̀ wá gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ: okùn tuntun ló já.

Àpínkẹ́ kò kíyè sí i. Ó já wúùlù kan nínú èyí tó fẹ́ fi di irun Fáìzàh, ó kì í bọ inú òrùka tó wà lókè pátápátá, ó sì ń fà á lọ fà á bọ̀. Wúùlù náà há. Nígbà tó fà á jáde, ó ti ṣá, ó ti yọ ìrù wúruwùru.

"Ẹ wò ó, òrùka yìí ló ń jẹ okùn yín. Bí kóòmù tí eyín rẹ̀ bá kán ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ fi ya irun, á máa já. Oníbàárà á wá ní ìpara tí mo tà fún òun ló ba irun òun jẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti bú mi nítorí kóòmù rí, ẹ má wulẹ̀ mẹ́nu kàn án."

Ikúbọlájẹ́ gba ọ̀pá náà, ó fi èékánná yẹ òrùka òkè wò. Ojú lásán kò rí i, ṣùgbọ́n èékánná rí i: okùn ọdún mẹ́wàá ti gbẹ́ ojú ọ̀nà tín-ín-rín sínú irin náà, etí rẹ̀ sì mú. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ìjà kan sì sọ sí i lọ́kàn.

Oṣù méje sẹ́yìn ni, létí odò Aṣéjìrẹ́. Òun àti ọkùnrin mọ́kànlá ni wọ́n jọ máa ń pẹja níbẹ̀ ní àràárọ̀ Sátidé, Ọlábọ̀dé sì máa ń tẹ̀ lé wọn. Lọ́jọ́ náà, ẹja kan tó tó ọmọ ọwọ́ já okùn mọ́ Ikúbọlájẹ́ lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Ọwọ́ Ọlábọ̀dé ló ti ra okùn. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ohun eré ìdárayá ní Mọ́kọ́lá, ó sì máa ń ta okùn àti ìwọ̀ ní igun kan níbẹ̀. Ikúbọlájẹ́ yíjú sí i, ó ní okùn jíjẹrà ló ń tà fún ènìyàn, ó ní olè ni. Ó sọ olè náà lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ yẹn wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, Ọlábọ̀dé ti kúrò ní ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí apá kejì.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?" Àpínkẹ́ bi í.

"Ó yẹ kí n ra òrùka òkè tuntun," ni ó dáhùn.

Ibì kan ṣoṣo ló mọ̀ nílùú Ìbàdàn tí wọ́n ti ń tà á.

Nínú takisí tó ń lọ sí Mọ́kọ́lá, ó gbé ọ̀pá náà sáàárín ẹsẹ̀, orí rẹ̀ gba fèrèsé jáde. Ó ń to ọ̀rọ̀ jọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ara rẹ̀: ta ló mọ̀? Àpínkẹ́ kò mọ Ọlábọ̀dé. Ó lè ra òrùka, kó kí i, kó máa lọ. Ìkíni yẹn pàápàá, láti ọ̀dọ̀ àgbà sí ọmọdé, ṣé kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ni?

Ọlábọ̀dé ń to jẹ́sì nígbà tó wọlé. Ó dìde, ó tẹrí ba díẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

"Òrùka orí ọ̀pá ni mo wá rà." Gbogbo ohun tó tò jọ ti fò lọ. Ó wo igun tí okùn máa ń wà. Bọ́ọ̀lù ló kún ibẹ̀. "Okùn ńkọ́?"

"Wọn ò rà á mọ́, sà. Mo ti kó o fún ẹnìkan ní Ẹ̀pẹ́. Òrùka nìkan ló ṣẹ́kù." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ìbínú ì bá tiẹ̀ sàn.

Ó gba ọ̀pá náà. Ó fi èékánná yí inú òrùka òkè ká, èékánná náà sì há. Kò wo ojú Ikúbọlájẹ́. Ó yíjú sí páálí, ó ń wá èyí tó bá a mu.

"O ti mọ̀," Ikúbọlájẹ́ wí.

"Láti ọjọ́ yẹn, sà. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n wo orí ọ̀pá yín. Ẹ ní ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ̀ ju omi ẹ̀rọ lọ ló fẹ́ kọ́ ẹ̀yin, ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n bí sórí omi, ní ẹja pípa."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, sà."

Ikúbọlájẹ́ rántí ẹ̀rín náà. Ó ti ń tún un gbọ́ tayọ̀tayọ̀ nínú mọ́tò nígbà tó ń padà sílé lọ́jọ́ náà. Pé ọkùnrin yìí ti la ẹnu rárá, èyí ni kò rántí. Ojú tì í gan-an.

"Má bínú, Ọlábọ̀dé."

"Áà, kò yẹ kí ẹ máa bẹ̀ mí, sà. Ó ti tán."

Ìdáhùn náà yá jù. Bí wọ́n ṣe ń dá àgbà lóhùn ni, kí àgbà má baà wólẹ̀. Ó sì lè máà ní ìtumọ̀ kankan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ikúbọlájẹ́ ronú pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn mọ́kànlá gbọ́ kò lè tán láàárín ẹni méjì. Ó mú fóònù, ó jáde sábẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí gúrúùpù Wáásáàpù àwọn apẹja, ó sì tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mẹkáníìkì kan ń lu irin.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, Ikúbọlájẹ́ ni. Okùn Ọlábọ̀dé kò lábùkù. Òrùka ọ̀pá mi ló ń gé e. Ó fẹ́ fi hàn mí, mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Mo pè é ní olè níwájú yín. Kì í ṣe olè. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Ohùn náà lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì: ẹnìkan fi àwòrán àtẹ́wọ́ ránṣẹ́, ẹnìkan ní kí Ọlọ́run bù kún un. Àyà rẹ̀ fúyẹ́. Ó padà wọlé, ó fara ti káńtà, ó ń retí kí fóònù Ọlábọ̀dé tó wà níbẹ̀ dún. Kò dún.

"Ṣé dátà rẹ ti tán ni?"

"Ó wà, sà."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ sínú gúrúùpù."

Ọlábọ̀dé ń nu òrùka tuntun náà, kò gbójú sókè. "N kò sí nínú gúrúùpù, sà. Ẹ yọ mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn."

Òótọ́ ni. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló fi yọ ọ́, lẹ́yìn náà ló jókòó sídìí oúnjẹ.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń dá ènìyàn padà?" ni ó béèrè.

Ọlábọ̀dé yí káńtà wá, ó fi ibi tí yóò tẹ̀ hàn án. Kí Ikúbọlájẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, Ọlábọ̀dé ní, "Ṣùgbọ́n, sà, èyí tí ẹ ti sọ, mi ò ní rí i. Ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn tí mo wọlé ló máa hàn sí mi."

Ikúbọlájẹ́ di fóònù náà mú. Ariwo irin wà níta, inú ṣọ́ọ̀bù ló dákẹ́ rọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀ ìta ló lọ láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin mọ́kànlá tí kò ṣẹ̀, nítorí pé kò lè pe ọ̀rọ̀ náà, olè, lójú ẹni tó ṣẹ̀ gan-an.

Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù orí káńtà dún.

Lọ́tẹ̀ yìí kò jáde. Ó gbé fóònù sẹ́nu, ó wo Ọlábọ̀dé lójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.