Ihò Mẹ́ta ní Ẹkù Flavienne

Flavienne ló ni ẹkù tó tóbi jù ní Yoko, ibi tí wọ́n ti ń se ẹyìn, tí wọ́n sì ń fún un di epo. Láti ìgbà tó ti dá a sílẹ̀ ni omi ìdọ̀tí ibẹ̀ ti ń ṣàn gba ẹ̀yìn ilé lọ sínú odò. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Òjò ń gbé e lọ.

Ọ̀gbẹlẹ̀ kan ló yí ọ̀rọ̀ padà. Odò fà, omi dúró sójú kan, ó dúdú, ó ń rùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Berthe, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, gbé ẹ̀gẹ́ tó rẹ sódò wá, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú ẹkù. Ẹ̀gẹ́ náà ti dúdú, ó ń yọ̀ fún epo.

"Ìyàwó, ṣé o lè jẹ èyí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi nìkan ni mò ń fún epo ní Yoko ni?"

"Ìwọ nìkan kọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo wà lókè odò."

Berthe kò pariwo. Ó fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Inú bí Flavienne. Àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ tó ń kó ẹyìn wá fún un fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ sí ẹkù mìíràn ní Ita-Djèbou. Wọ́n ní àwọn ò lè fọwọ́ ara àwọn ba omi ọmọ àwọn jẹ́. Iná kú nínú ẹkù. Flavienne jókòó ti àgbá òfìfo, ìtìjú wá borí ìbínú.

Ó pe Anicet, ọkọ rẹ̀. "Bàbá Arlette, ẹ bá mi gbẹ́ ihò."

Mẹ́ta ni wọ́n gbẹ́, wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ẹ, kí omi ìdọ̀tí lè máa sinmi nínú ọ̀kan kó tó bọ́ sínú èkejì, kó sì parí sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dípò odò. Nígbà tí wọ́n tún fi ẹyìn díẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún epo, epo léfòó nínú ihò àkọ́kọ́. Flavienne fi igbá ré e, ó figbe ta:

"Ẹ wò ó! Gbogbo èyí ni mo ti ń dà sódò!"

Àwọn tó ń se ọṣẹ ní Pobè wá ra epo tó ré náà. Igi ìdáná ti jìnnà ní igbó, Flavienne wá ń fi ìhá tó ṣẹ́ kù lára ẹyìn tí wọ́n ti fún àti èésan, ìyẹn èèpo líle èkùrọ́, dáná, èyí tó máa ń jẹrà lẹ́yìn ẹkù tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí òjò dé, odò mọ́. Àwọn àgbẹ̀ ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó wá kí aláìsàn, wọ́n ń wo ihò, wọ́n ń mi orí pé ó dára. Kí oṣù tó parí, ẹyìn kún iwájú ẹkù.

Berthe náà dé. "Ìyàwó, wọ́n ní ẹrẹ̀ ihò yẹn dára fún àgbàdo."

"Tiyín ni, ẹ̀gbọ́n."

Àwọn méjèèjì jọ ń bù ú sínú garawa, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọjà, títí oòrùn fi lé wọn wọlé.