Ẹni Tó Ń Dúró Lẹ́yìn Ọkọ̀

Láti ọjọ́ tí Ardis àti Delmar Tollefson ti ra ọkọ̀-ilé wọn ni iṣẹ́ ti pín láàárín wọn. Delmar ló ń wà á, Ardis ló ń dúró lẹ́yìn. Ọkọ̀ gígùn gbọọrọ ni, bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà nínú rẹ̀, ilé ìwẹ̀ tí ènìyàn ò ti lè na apá wà nínú rẹ̀, kò sì sí awakọ̀ tó lè rí ìdí rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò máa júwe fún un. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti dé ibi tí wọn yóò sùn, Ardis á sọ̀ kalẹ̀, á lọ dúró lẹ́yìn lápá òsì níbi tí dígí ti lè mú un, á máa fi ọwọ́ sọ̀rọ̀: máa bọ̀, máa bọ̀, yà díẹ̀, dúró. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú iṣẹ́ náà, kò sì sí tọkọtaya kan nínú àwọn arúgbó tó ń sá fún òtútù lọ́dọọdún tí kò mọ̀ ọ́n. Bí awakọ̀ ò bá rí ẹni ẹ̀yìn nínú dígí, kó tẹ bíréèkì. Kò gbọdọ̀ méfò.

Òfin yìí ni Delmar rú ní Nebraska.

Yìnyín àkọ́kọ́ ti bo koríko oko nígbà tí wọ́n kúrò nílé, ní North Dakota. Wọ́n ti fa omi inú páìpù ilé gbẹ, wọ́n ti da omi aláwọ̀ píǹkì tí kì í dì sínú ilé ìgbẹ́, wọ́n sì ti fún Curtis, ọmọ wọn tó gba oko lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ní kọ́kọ́rọ́. Arizona ni wọ́n ń lọ, sí ọgbà ọkọ̀-ilé tí wọ́n ti ń lo ìgbà òtútù láti ọjọ́ tí Delmar ti fẹ̀yìn tì. Oríkèé ọwọ́ Ardis kì í gba òtútù mọ́. Bí òtútù bá mú gan-an, kò lè dé bọ́tìnnì ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú Ardis dùn ní ìrìn àjò yìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìdí rẹ̀ ò sì ju pé ọkọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ẹnu Delmar wúwo. Ó lè wakọ̀ láti ìdí oúnjẹ àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kó má sọ ju "ó dáa" lọ, tí wọ́n bá sì bi í pé kí ló dáa, á ní kò sí nǹkan. Ardis ti gba kámú láti ìgbà èwe wọn. Wọ́n ò fipá fẹ́ ẹ fún un, ó mọ irú ọkùnrin tó mú. Àfi lọ́dún yìí tí ọ̀rọ̀ ṣàdédé ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ.

"Màmá, kí ni wọ́n kọ sára pátákó yẹn?" Delmar á bi ìyàwó rẹ̀.

"Wọ́n ń ta ọ̀dùnkún."

"Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

"Wọ́n ní ká rọra, wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe níwájú. Ta ló tiẹ̀ ri òpó pátákó tó wọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀? Wò ó bó ṣe rí."

"Mo rí i," ni Delmar wí, ó sì dẹ ẹsẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe la South Dakota já. Ardis ń ka pátákó, ó ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń béèrè òmíràn. Obìnrin náà rò pé ọjọ́ ogbó ló wá tú ahọ́n ọkọ òun. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́ lóminú díẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó jẹun, Delmar kì í wo ojú rẹ̀ mọ́, bí ẹni tó jẹ̀bi.

"Kí ló wà létí mi tí ò ń wò?" Ardis bi í.

"Etí ẹ náà ni."

Ní Nebraska, wọ́n yà sí ọgbà kan lábẹ́ àwọn igi tí ewé wọn ti pọ́n. Ardis sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró níbi tó máa ń dúró sí, òpó iná wà lẹ́yìn rẹ̀. Máa bọ̀, máa bọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀, ó gbé apá méjèèjì sókè, ó fi wọ́n ṣe àgbélébùú. Ọkọ̀ ò dúró. Ó pariwo orúkọ ọkọ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹran tó ń padà sí ibùjẹ. Bí kò bá fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ì bá ti há mọ́ ara òpó. Ìdí ọkọ̀ lọ fara ti òpó náà, ó sì dúró.

Delmar bọ́ sílẹ̀, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ṣé a ti wọlé dáadáa?"

"Del, o fẹ́ pa mí."

"Ha! Oòrùn ló ń tàn sí mi lójú, Màmá. Má bínú."

Ardis gbójú sókè. Láti òwúrọ̀ ni ìkùukùu ti bo ọ̀run, kò sì sí oòrùn kankan níbẹ̀.

Kò bá a jiyàn. Ó wọlé lọ bẹ ọ̀dùnkún, ó sì ń ro gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ti gbà wá. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn? Ṣé ìlú ló wà níwájú ni? Bó ṣe ń rò ó ni ọ̀rọ̀ ń yé e, bó sì ṣe ń yé e ni inú rẹ̀ ń bàjẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń dùn mọ́ ọn nínú láti ọjọ́ yìí, ojú òun ni ọkọ òun fi wọ́n ń yá lò. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Kí ni kò ní dun obìnrin nínú èyí? Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe: kó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kíá. Ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé bí òun bá ti gbà á, Delmar á padà sínú ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀, bóyá títí ikú. Ojú ti Ardis pé òun tiẹ̀ ń gbé èyí wọ̀n mọ́ ẹ̀mí àwọn ẹlẹ́mìí tó wà lójú ọ̀nà, síbẹ̀ ó ń gbé e wọ̀n.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Delmar bá a níbi tó jókòó sí nídìí síárìn.

"Màmá, ìjókòó mi nìyẹn."

"Mo mọ̀. Del, wo ojú mi. Ṣé mò ń sunkún ni àbí mò ń rẹ́rìn-ín?"

Delmar dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó di fìlà rẹ̀ mú.

"Mi ò mọ̀," ó ní.

Omijé ti bọ́ dé àgbọ̀n Ardis.

"Láti ìgbà tí a ń gé koríko ẹran ni," Delmar wí. "Tí mo bá wo nǹkan gan-an, nǹkan ọ̀hún ló máa ń pòórá. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nìkan ló máa ń kù. Tí mo bá wò ẹ́ báyìí, irun ẹ ni mò ń rí. Tí mo bá wo etí ẹ, mo máa ń rí ẹ díẹ̀."

"Ṣé o ti rí dókítà?"

"Mo ti rí i. Ó ní kí n má wakọ̀ mọ́."

"O sì gbé mi sínú ọkọ̀! Bó o bá pa ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?"

"Tí n bá sọ ọ́, o ò ní gbà ká lọ. Ọwọ́ ẹ ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi kẹ̀! Ṣé ọwọ́ mi bẹ̀ ẹ́?" Ardis nu omijé rẹ̀ nù. "Torí ẹ̀ lo ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, àbí? Torí pátákó."

Delmar gba iwájú ọkọ̀ kọjá, ó lọ jókòó sí ìjókòó ìyàwó rẹ̀. Ardis gba ìdákẹ́jẹ́ yẹn gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn.

Kì í ṣe pé Ardis ò mọ ọkọ̀ wà. Nígbà ìkórè, òun ló máa ń wa lọ́rì àlìkámà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìkórè, á máa bá a rìn ní ìwọ̀n eré kan náà kí àlìkámà lè máa dà sínú lọ́rì láìdúró. Ọkọ̀-ilé yìí nìkan ni Delmar ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn. Á ní, "Bí ìwọ bá fi kọ lu nǹkan, màá bínú sí ẹ. Bó bá jẹ́ èmi, ara mi ni màá bínú sí." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ardis rántí ẹ̀rín yẹn báyìí, kò pa á lẹ́rìn-ín.

Kansas tán, Delmar ò lanu sọ̀rọ̀. Ìkángun Oklahoma kọjá, kò lanu. Pátákó ń lọ, pátákó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó bi Ardis ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n dúró ra epo, wọ́n jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì, Delmar ní ó dáa. Ardis ń wakọ̀, ó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ tó jókòó tì í.

Wọ́n ti wọ New Mexico jìnnà, níbi tí kò sí ìlú, tí kò sí pátákó, koríko gbígbẹ nìkan, kí Delmar tó wú ikọ́ díẹ̀.

"Màmá, o rántí lọ́rì pupa yẹn?"

"Èyí tí ìlẹ̀kùn ẹ̀ kì í pa dé?"

"O máa ń kọrin nínú ẹ̀. Mo máa ń wo ẹnu ẹ láti orí ẹ̀rọ ìkórè, ariwo ò ní jẹ́ kí n gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi ẹ́ pé orin wo ni."

"Kí ló dé tó ò béèrè?"

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀." Delmar ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Torí pátákó ni mo kọ́kọ́ ṣe ń bi ẹ́ lóòótọ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi. Mo máa ń bi ẹ́ ní ti pátákó tí mi ò nílò."

Ardis gbá síárìn mú.

"Orin kọ́," ó ní. "Èébú ni. O máa ń sáré jù, àlìkámà á máa dà lé mi lórí. Mò ń bú ẹ látàárọ̀ dalẹ́."

Delmar rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá orúnkún. "Látọjọ́ yìí! Èmi sì ń juwọ́ sí ẹ!"

Ní ọgbà wọn ní Arizona, àṣà kan wà tí kò sẹ́ni tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ tuntun bá ti wọlé, àwọn ọkùnrin á gbé àga jáde, wọ́n á jókòó máa wo bí onítọ̀hún ṣe ń fi ẹ̀yìn wọlé, wọ́n á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Vern Froese, ará Manitoba, ni ọ̀gá wọn. Òun ló kọ́kọ́ rí ẹni tó wà nídìí síárìn.

"Ẹ wò ó! Tollefson, wọ́n ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ!"

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ardis wo ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Delmar ti ṣílẹ̀kùn, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ tọ ara ọkọ̀ lọ sẹ́yìn.

"Jókòó jàre," ni Vern wí, "jẹ́ kí n bá a júwe."

"Má ṣèyọnu, iṣẹ́ mi ni. Ojú mi ti lọ, Vern. Òun ló ń wà á báyìí."

Ẹ̀rín tán láàárín àwọn àga. Ardis wo dígí òsì, ó rí ọkọ rẹ̀ níbi tí òun fúnra rẹ̀ máa ń dúró sí. Delmar kọ ojú sí ẹ̀gbẹ́ pátápátá, bí ẹni tí kò bìkítà, ọwọ́ rẹ̀ sì ń pè é: máa bọ̀, máa bọ̀.

"Del, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kó o wò!" ẹnìkan ké.

Ardis nìkan ló mọ̀ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń wò. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, kò gbé ojú kúrò lára ọwọ́ yẹn. Yà díẹ̀. Máa bọ̀. Delmar gbé apá méjèèjì sókè, ó fi wọ́n ṣe àgbélébùú, Ardis sì tẹ bíréèkì. Àyè tó kù láàárín ọkọ̀ àti òpó ò ju ibi tí ènìyàn lè dúró sí lọ.

Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì bọ́ sílẹ̀. Delmar ṣì dúró síbẹ̀, ó yí ojú sí apá ibi tí àwọn àga wà.

"Kí lò ń wò lọ́dọ̀ wa?" Vern bi í.

"Ìyàwó mi ni mò ń wò," Delmar dáhùn, kò yí ojú padà. "Ó ń rẹ́rìn-ín."

Lóòótọ́ ni Ardis ń rẹ́rìn-ín.