Àga Tó Kọjú sí Ògiri

Ẹ̀wà tí Àbíkẹ́ ń ṣà lórí atẹ ti ń dà sílẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀. Ojú fèrèsé ló dúró sí, ó ń yọjú wo ọmọ rẹ̀ nínú yàrá.

Ọ̀sán gangan ni. Ṣẹ́gunfúnmi jókòó lórí àga onígi tí wọ́n ń lò nílé ìdáná, ó kọjú sí ògiri. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di ohun tí kò sí níbẹ̀ mú, ọwọ́ ọ̀tún ń ti ohun tí kò sí níbẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè nǹkan lọ́wọ́ ara rẹ̀ lédè Òyìnbó, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn. Lójijì ló figbe ta: "Fáyà! Ẹ́ńjìnnì, fáyà!" Ó na ọwọ́ sókè orí, ó fa nǹkan kan nínú afẹ́fẹ́, ó sì mí kanlẹ̀.

Àbíkẹ́ wo òrùlé, ó wo ilé ìdáná. Kò sí iná níbì kankan.

Ẹ̀ẹ̀kẹta lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn. Ìgbà tó kọ́kọ́ rí i, ó ní bóyá àdúrà ló ń gbà. Ìgbà kejì, ó ní bóyá ìrònú ni. Ti òní yìí, ó gbà pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ. Ó gbé atẹ kalẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó forí lé ìdíkọ̀ láti lọ pe Wòlíì ìjọ wọn wá láti Ìkìrun.

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ náà wúwo fún un ju bó ṣe máa wúwo fún ìyá mìíràn lọ, nítorí Ìyá Páílọ́ọ̀tì ni gbogbo Inísà ń pè é. Ọdún 1990 ni Ṣẹ́gunfúnmi ti Zaria dé pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí awakọ̀ òfúrufú. Kò pẹ́ tí iléeṣẹ́ kan l'Ékòó, èyí tó ń fi bàálù kéékèèké ná ìlú sí ìlú nílẹ̀ wa, fi kọ̀wé sí i pé ó yege nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ogún ni àwọn tó yege. Wọ́n to orúkọ wọn, tirẹ̀ ló ṣìkẹsàn-án. Wọ́n ní kí wọ́n lọ máa dúró nílé: bàálù tuntun ń bọ̀ láti òkè òkun, bó bá ti dé, wọn yóò máa pè wọ́n bí orúkọ ṣe tò. Ẹni tí wọ́n bá pè ní ọjọ́ mẹ́wàá péré láti fi dé Èkó, kó sì ṣe ìdánwò nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, wọ́n á fa orúkọ rẹ̀ yọ pátápátá.

Nínú gbogbo rẹ̀, "ó yege" nìkan ni ìyá rẹ̀ gbọ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ló ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jó dé iwájú pẹpẹ, Wòlíì Ọlọ́rundáre sì gbàdúrà pé áńgẹ́lì ni yóò máa gbé apá ọkọ̀ náà. Ọdún kan ààbọ̀ rèé, bàálù ò dé. Ṣẹ́gunfúnmi ń bá wọn kọ́ ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama láàárọ̀, àwọn tó ń kí i tẹ́lẹ̀ pé "Páílọ́ọ̀tì wa!" sì ti ń kí i báyìí pé, "Páílọ́ọ̀tì, ṣé ọkọ̀ ò tíì gbéra ni?" Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Bó bá délé, ó di orí àga.

Lọ́jọ́ kejì, ní ìrọ̀lẹ́, Wòlíì dé nínú aṣọ funfun rẹ̀.

"Àlàáfíà fún ilé yìí."

"Àmín, Bàbá. Ẹ káàbọ̀ o."

Wòlíì dúró níwájú ògiri. Páálí mílíìkì mẹ́ta ni Ṣẹ́gunfúnmi tẹ́, tó rán pọ̀, tó fi ìṣó mẹ́rin kàn mọ́ ibẹ̀. Ó ya àwọn ohun róbótó bí ojú aago sí i lára, ó fa ilà, ó kọ nọ́ńbà sí wọn.

"Mélòó ni àwọn aago yìí, ọmọ mi?"

"Mọ́kànlélógún ni, sà."

"Mọ́kànlélógún!" Wòlíì yíjú sí Àbíkẹ́. "Ẹ ò gbọ́ fúnra yín? Ọjọ́ mọ́kànlélógún náà ni Ẹ̀mí ní kó wá lò nílé àdúrà."

"Bàbá, ẹ ṣé gan-an," ni Ṣẹ́gunfúnmi wí. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè mí lọ́jọ́ tí mo bá wọlé àdúrà, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni mo ní."

"Ọlọ́run á dá ìwé náà dúró títí wàá fi jáde."

"Ìwé ti dúró tó, Bàbá."

"Àjàní!" Ìyá rẹ̀ pè é lóríkì, ohùn rẹ̀ le. "Ṣé Wòlíì lò ń dá lóhùn bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Màámi. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe lórí àga yẹn. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ọwọ́ tí ò fò máa ń gbàgbé. Mi ò ní bàálù, àga ni mo ní."

"Iṣẹ́ wo lèèyàn ń ṣe tó ń kígbe fáyà níbi tí nǹkan kan ò jó?"

"Kó má baà jẹ́ ọjọ́ tó bá jó gan-an ni n óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú."

Wòlíì ò bá a jiyàn. Ó jáde, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bá Àbíkẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àánú rẹ̀ ń ṣe é lóòótọ́. "Màmá, ohun tó dì í mú ló wà lára ògiri yẹn. Bí kò bá ní wá, ẹ bá mi gbé ìyẹn wá, ká gbé e síwájú pẹpẹ."

Nígbà tí Ṣẹ́gunfúnmi lọ sílé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àbíkẹ́ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ yọ ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fi ìró rẹ̀ di páálí náà, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìkìrun, ó sì ti padà dé kí ilé ẹ̀kọ́ tó jáde.

"Màámi, páálí mi dà?"

"Ó wà níbi tó dáa."

Àbíkẹ́ ti múra ìjà sílẹ̀. Gbogbo ohun tó máa sọ ló ti tò sẹ́nu, títí kan oyún oṣù mẹ́sàn-án. Ṣẹ́gunfúnmi wo ògiri, ó lọ sílé ìdáná, ó ṣa èédú mẹ́rin wá, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán sára ògiri gan-an.

"Yéè! Ògiri tí mo kùn fún ọdún Àjíǹde!"

"N óò tún un kùn fún yín, Màámi, lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè mí."

Àbíkẹ́ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, inú ń bí i, ẹ̀rù sì ń bà á. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ọ̀kan, méjì, ó di mẹ́wàá. Ó di mọ́kànlélógún. Ṣẹ́gunfúnmi sún sẹ́yìn, ó wò ó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ọ̀kan kúrò, ó sì tún un yà ní ìwọ̀n ìka kan sí apá òsì.

"Kí ni èyí yẹn ṣe tó o fi nù ún?"

"Kì í ṣe ibi tó ń wà nìyẹn. Bí ojú mi bá lọ síbẹ̀ tí kò bá a, mo ti pẹ́ jù."

Ọ̀rọ̀ yìí kọ́ Àbíkẹ́ lẹ́sẹ̀. Wèrè kan wà ní ìdíkọ̀ Òkukù tó máa ń fi èédú yàwòrán sára ògiri lójoojúmọ́, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, kò sì yà á bákan náà lẹ́ẹ̀mejì rí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó tún wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìkìrun.

"Bàbá, ẹ dákun, páálí yẹn."

"Màmá, a ò tíì gbàdúrà sí i."

"Ẹ máa bá mi gbàdúrà, Bàbá. Ẹ gbé páálí fún mi."

Ó gbé e dé ilé, ó gbé e ti ara ògiri, ó ń fi ìka wọn ọ̀kan mọ́ èkejì. Gbogbo aago wà ní ààyè rẹ̀, títí kan èyí tó sún ní ìwọ̀n ìka kan. Ojú ti Àbíkẹ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún, ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ sì bá a.

"Màámi, kí ló dé?"

"Jókòó. Nígbà tí mò ń ta ẹ̀pà sísè ní ìdíkọ̀ ojú irin Òkukù ni mo mọ bàbá rẹ. Ṣé o mọ̀ pé òun ló ń dáná ọkọ̀ ojú irin láyé ìgbà èédú? Ojú irin kan ṣoṣo ló wà. Ọkọ̀ wọn á dúró kí èyí tó ń bọ̀ láti Ọ̀fà kọjá, nígbà mìíràn fún wákàtí mẹ́ta. Gbogbo èrò á sọ̀, wọ́n á lọ sùn sábẹ́ igi. Bàbá rẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀, á ṣì máa da èédú síná. Mo bi í pé, 'Morákinyọ̀, ọkọ̀ tí ò lọ, kí lò ń dáná fún?' Ó ní bí iná bá kú, ọjọ́ tí wọ́n bá fún àwọn lọ́nà, ọkọ̀ ò ní lè mira." Ó fi etí ìró nu ojú. "Mo ti gbàgbé. Èmi yìí ni mo fẹ́ pa iná rẹ."

Ṣẹ́gunfúnmi gbé ọwọ́ lé èjìká ìyá rẹ̀.

"Ó dáa, ta ni ò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" ni Àbíkẹ́ béèrè.

"Èèyàn méjì ló máa ń wà níwájú ọkọ̀. Ọ̀kan á ka ìwé àyẹ̀wò, èkejì á fọwọ́ kan ohun tó pè, á dáhùn. Èmi ni mò ń ṣe méjèèjì."

"Ìyẹn lo ṣe jọ wèrè! Kọ ìwé àyẹ̀wò náà ní Yorùbá fún mi, kí n máa kà á. Ẹni tó ka Bíbélì láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, tó la Léfítíkù já, ìwé bàálù ò lè dẹ́rù bà á."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kò wọ ilé náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣẹ́gunfúnmi kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé, ojú ewé mẹ́jọ. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé tó jẹun tán, Àbíkẹ́ á wọ awò tó fi ń ka Bíbélì, á fi àpótí jókòó ní apá ọ̀tún rẹ̀. "Bíréèkì?" "Ó dì." "Epo apá òsì?" "Ó kún." Àwọn ará ilé kejì gbọ́ ohùn méjì, wọ́n ní ó mà ṣe o, àrùn náà ti ran ìyá. Àbíkẹ́ gbọ́, ó sì tún gbóhùn sókè sí i.

Ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré dé. "Ìyá Páílọ́ọ̀tì! Lẹ́tà dé láti Èkó o!"

Ṣẹ́gunfúnmi tú u níbi tó dúró sí. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó ká a padà bó ṣe wà.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Bàálù ò dé. Wọ́n ní ká tún máa dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ òun ṣì wà níbẹ̀, kó kọ̀wé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Márùn-ún ti yọ orúkọ wọn lára àwọn mẹ́jọ tó wà níwájú mi. Àwọn ló gbọ́n."

"Ìwọ wá di ìkelòó báyìí?"

"Ìkẹrin. Ìkẹrin ohun tí ò sí, Màámi. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti ní òun fẹ́ gbà mí síṣẹ́ olùkọ́ pátápátá. N óò kọ̀wé sí wọn l'Ékòó pé kí wọ́n yọ tèmi náà."

Ó wọ yàrá, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó gbé apá bo ojú.

Ó dun Àbíkẹ́ wọra. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kígbe, ó fẹ́ pe orúkọ iléeṣẹ́ náà kó sì ṣépè fún un. Lẹ́yìn náà ló dìde. Ó gbé àga onígi láti ilé ìdáná, ó gbé e kọjú sí ògiri, síbi tí ẹsẹ̀ àga náà ti fi àpá sílẹ̀ sí. Ó fa àpótí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ awò, ó ṣí ìwé.

"Bíréèkì?"

Ó yíjú sí orí ẹní.

"Mo ní, bíréèkì?"

"Ó dì," ni Ṣẹ́gunfúnmi wí láti orí ẹní.

"Epo apá òsì?"

"Ó kún."

"Epo apá ọ̀tún?"

"Ó kún, Màámi."

Àbíkẹ́ fi ìka há ibi tó kà dé. Ó bọ́ awò, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Irọ́ ni. O ò fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn. Ẹnu lásán lo fi ń dáhùn, ìwọ lo sì kọ́ mi pé ẹnu lásán ló ń pa èèyàn lókè. Ká tún un bẹ̀rẹ̀."

Ó wọ awò rẹ̀ padà, ó tẹ orí mọ́ ìwé, ó ń dúró. Kò gbójú sókè títí ó fi gbọ́ tí àga onígi náà dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bíréèkì?" ni ó wí.