Ìjù Oníka Méjì

Lọ́dún tí iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní Zone industrielle, àgbègbè ilé iṣẹ́ ní Bouaké, ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ òwú kan tí wọ́n ti tì pa ni Muhsinah àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ́ firisibí. Àwo ike pẹlẹbẹ ni. Wọ́n á máa jù ú síra wọn títí yóò fi dé òpin pápá. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù bíi Muhsinah. Ìka méjì ni yóò fi há etí àwo náà, yóò já ọrùn ọwọ́ fìrì, àwo á sì fò lọ tààrà. Affoué, ọmọ ẹ̀yà Baoulé, onílẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n jọ lọ sí lise, ilé ẹ̀kọ́ girama, ló máa ń bá a hán an.

"Fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa á pọ̀, bí ẹni ń pàtẹ́wọ́," Muhsinah á sọ fún un. "Má wo ojú mi, àwo ni kí o máa wò."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Músíọ̀ Yoboué tó ń kọ́ wọn kó àwọn ọ̀gá kan wá láti Abidjan, nítorí ìdíje tó ń bọ̀. Ó na ìka sí Muhsinah lójú gbogbo wọn. Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀.

"Ìwọ Anago, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ ilẹ̀ yìí gidi ni yóò ṣojú Bouaké."

"Músíọ̀, ibí ni wọ́n bí mi sí. Àdúgbò Ahougnansou níbí."

"Bàbá rẹ ńkọ́? Kaati de sezúù rẹ̀ dà, ìwé tí àlejò fi ń gbé ìlú?"

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹnì kan ṣi àwo jù, tó já sínú kòtò ẹ̀gbin. Yoboué ní kí Anago lọ mú un wá. Muhsinah wo Affoué. Affoué ń bá àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré, bíi ti ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n yíjú sí òun.

Muhsinah wọnú kòtò náà. Ó rò pé bí òun bá gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu, wọ́n á gba òun padà. Omi dúdú tó ń yọ̀ mù ún dé orúnkún. Bó ṣe gbé àwo jáde, Yoboué di imú.

"Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ọwọ́ Anago ti kàn án."

Àwọn ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Ìdọ̀tí kọ́ ló kó Muhsinah nírìíra. Eyín wọn ni, àti ara òun fúnra rẹ̀ tó sáré wọnú kòtò nítorí wọn. Ó ju àwo sílẹ̀, ó gba ilé lọ. Sàdíátù, ìyá rẹ̀, bu omi ọṣẹ fún un. Ó fọ ẹsẹ̀ títí ó fi bó, síbẹ̀ ó ń bì.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Affoué gbé abọ́ atiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, wá.

"Músíọ̀ ní kí o wá kọ́ wa ní ìjù oníka méjì. Wọn ò ní mú ẹ lọ síbi ìdíje o, ṣùgbọ́n..."

"Affoué, o rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń rí mi lára."

Affoué dúró lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ lọ́wọ́, títí Sàdíátù fi sọ fún un wọ́ọ́rọ́wọ́ pé kó máa lọ sílé.

Ìdíje àkọ́kọ́ ni wọ́n ti lu àwọn Bouaké bolẹ̀ ní Abidjan. Ẹni tó mú ìròyìn wá rò pé Muhsinah á fò sókè. Kò dùn mọ́ ọn rárá. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó sì ń bá ìyá rẹ̀ ká aṣọ títà lọ.