Ẹnìkan Ò Gbọdọ̀ Dárúkọ Rẹ̀

Loren fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu kí ọ̀rọ̀ náà tó jábọ́. Ó bò ó pinpin, débi pé fìlà Wade yẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì já bọ́ sáàárín èèpo ẹ̀pà tó kún ilẹ̀.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" Loren sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Kí lo fẹ́ sọ yẹn?"

"Dádì, mo kàn fẹ́ sọ pé ajùbọ́ọ̀lù yìí ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni..."

"Wade!"

Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú wọn yíjú padà, ike bíà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, bí o bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti ẹnu ẹ jáde, èmi pẹ̀lú ẹ la jọ máa sùn síbí lónìí. Mo ti ń wá sí pápá yìí kí bàbá ẹ tó hu eyín. Gba ẹnu ẹ mú."

"Ẹ má bínú, mà," Loren dáhùn fún ọmọ rẹ̀.

Òfin eré bésìbọ́ọ̀lù nìyẹn, ẹ má bi mí léèrè ẹni tó ṣe é. Bí ajùbọ́ọ̀lù bá ń jù, tí àwọn àlejò ń gbé igi wá síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó gbá a kó gbá a ire, tí eré sì ti kọjá ìdajì, ohun ńlá ló ń bọ̀ yẹn. Ẹlòmíì á wo eré yìí títí irun orí rẹ̀ á fi funfun, kò ní fojú kàn án. Nítorí náà, ẹnìkan ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú ajùbọ́ọ̀lù gan-an kì í bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n á fi òun nìkan sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ní àrùn tó ń ranni. Ẹnìkan ò sì gbọdọ̀ kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn ará Milwaukee ò gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n gbogbo pápá náà ló ń fi ṣèwà hù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já tó ti Loren. Ohun tí òun ń ṣọ́ ju bọ́ọ̀lù lọ.

Ìgbà òtútù ni Joleen, ìyàwó rẹ̀, ti sọ fún un nínú ilé ìdáná wọn ní Dubuque pé òun ń lọ. Kò pariwo, kò sì sunkún. "Ó ti sú mi láti máa bá ògiri sọ̀rọ̀, Loren," ló wí. "Tí mo bá bi ẹ́ ní nǹkan, o ó mi orí. Tí mo bá ń sunkún, o ó gbé àpótí irinṣẹ́ ẹ, o ó lọ máa tú ẹ̀rọ palẹ̀." Loren mi orí. Lẹ́yìn náà ó lọ mú àwòrán ojú ọ̀nà wá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ní ìrìnàjò tí àwọn ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ ńkọ́, kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa ọkọ̀ yí ká àwọn pápá bésìbọ́ọ̀lù ńláńlá? Joleen wò ó títí, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ó dáa. Òun á bá wọn lọ. Bí wọ́n bá padà dé, àwọn á sọ fún àwọn ọmọ, òun á sì kó ẹrù òun.

Bí wọ́n ṣe gbéra nìyẹn. Kansas City, St. Louis, Cincinnati, Detroit, Chicago. Ní pápá kọ̀ọ̀kan Loren ń retí kí ojú Joleen yí padà. Ó ń wò ó nínú dígí ọkọ̀, ó ń wò ó bó bá ń jẹ sọ́séèjì, bó bá ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Kò bi í ní nǹkan kan. Ẹni tó bá béèrè ti dárúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ní Kansas City tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ó tilẹ̀ ṣàlàyé òfin náà fún Britta, ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mọ́kànlá. Ó ní, "Bí nǹkan tó dáa bá wà lọ́wọ́ wa, tí a ò fẹ́ kó bàjẹ́, a kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀. A máa dákẹ́ ni, títí á fi parí." Ọmọ náà gbọ́ ọ dáadáa. Ọmọ tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Milwaukee ló kẹ́yìn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọn yóò dé ilé.

Ní abala kẹrin eré, tí òdo ṣì wà lójú pátákó níwájú orúkọ àwọn àlejò, Loren bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn kan. Bí ajùbọ́ọ̀lù yìí bá lè ṣe é dé òpin, Joleen á dúró. Ta ló bá a fọwọ́ sí i? Kò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń gbé lọ, koríko náà á dì mú.

Nígbà tí abala kẹfà parí, àwọn tó gbé ẹ̀wù sọ́séèjì ńlá wọ̀ sáré yí etí pápá ká gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn níbẹ̀, àwọn èrò sì ń hó. Sọ́séèjì tí ó dé fìlà aláwọ̀ ewé ni Britta ti yàn láti àárọ̀. Òun ló gba ipò kìíní.

"Britta, tìẹ ló borí o!" Loren gbá a léjìká.

Ọmọ náà ò wo ibẹ̀ rárá. Ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò. "Mo rí i, Dádì," ló wí.

"Ṣé kò sí wàhálà?"

"Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí ni."

"Ṣé o lè mú un mọ́ra? O mọ̀ pé a ò gbọdọ̀ dìde."

"Mo lè mú un mọ́ra."

Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní abala keje, gbogbo ènìyàn dìde dúró níwájú ìjókòó wọn bí wọ́n ti ń ṣe ní pápá gbogbo, dídìde yẹn nìkan ni òfin gbà, wọ́n na ara, wọ́n kọrin. Joleen fi ọwọ́ kọ́ Loren lọ́rùn, ó ń mì sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ wo ló ti fọwọ́ kàn án kẹ́yìn? Inú Loren dùn débi pé kò rántí ọ̀rọ̀ orin mọ́. Ó kàn ń la ẹnu ni. Nígbà tí wọ́n jókòó, fóònù Joleen gbọ̀n. Ó wò ó, ó sì ṣe bí ẹni fẹ́ dìde.

"Jókòó, jọ̀ọ́," Loren bẹ̀ ẹ́. "Jọ̀ọ́, Joleen."

Ó jókòó. Ó da ojú fóònù dé orí itan rẹ̀. Loren sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé: ó jókòó, ẹ ò rí i, ó jókòó.

Abala kẹjọ ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti wà láàárín èrò tó pọ̀ tó yẹn, tí ẹ sì ń gbọ́ bí ẹnìkan ṣe ń pa ẹ̀pà lẹ́yìn yín, ẹ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tí mò ń wí. Àárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Joleen ti kọjú sí ọkọ rẹ̀. Kò wo pápá. Ojú rẹ̀ rọ̀ bí ojú ọmọge tó bá a jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ̀ nígbà kan.

"Loren," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ṣé kò sí nǹkan kan tí o fẹ́ bá mi sọ?"

Ajùbọ́ọ̀lù ti gbé ẹsẹ̀ sókè. Loren fi ìka sí ètè rẹ̀. Ó fi orí júwe pápá fún un, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, bí ẹni ń sọ pé, fara balẹ̀, ó kù díẹ̀.

Joleen wò ó díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó mi orí gẹ́gẹ́ bí Loren ti máa ń mi í, ó pa ẹ̀pà, ó yọ èèpo rẹ̀, ó sì dà á sí àtẹ́lẹwọ́ Loren bó ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra. Loren jẹ ẹ́ pẹ̀lú ayọ̀. Ẹ̀pà lásán ni o. Kì í ṣe ẹ̀pa oró tó ń wá.

Abala kẹsàn-án, èyí tó kẹ́yìn, ẹni mẹ́ta péré ló kù. Ẹni àkọ́kọ́ gbé igi, ó fì í, afẹ́fẹ́ ló gbá. Ẹni kejì gbá a sílẹ̀, wọ́n hẹ ẹ́, wọ́n sì jù ú dé ibi tó ń sá lọ kó tó débẹ̀. Ìyá àgbà iwájú ti di ojú rẹ̀. Wade fi fìlà bo ẹnu ara rẹ̀. Ẹni kẹta gbá bọ́ọ̀lù náà, pàù! Ó lọ sókè réré, ó ń lọ, ó ń lọ, ẹ̀mí gbogbo wọn bá a lọ. Loren rí i pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá sáré dé ara ògiri, ó fò sókè, ó fi ìbọ̀wọ́ gbà á kó tó balẹ̀.

Ariwo ta! Bíà ń dà sórí olóríire àti olóríburúkú. Ìyá àgbà náà gbá Wade mọ́ra, ó ń fi ẹnu kò ó lórí, ó ń ké pé, "Sọ ọ́ báyìí, ọmọ mi! Pariwo ẹ̀ kí wọ́n gbọ́ nílé yín!" Loren yíjú sí ìyàwó rẹ̀, omijé ti dé ojú rẹ̀. Joleen ń sunkún pẹ̀lú. Ó dì mọ́ ọn, ó dì mọ́ ọn gan-an, ó sì ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, pẹ́pẹ́. Bí wọ́n ṣe ń gbá ẹni tí wọ́n ń sìn dé ìdíkọ̀ lẹ́yìn nìyẹn.

Ẹnìkan fa ẹ̀wù rẹ̀. Britta ni.

"Dádì, ṣé ó ti parí?"

"Ó ti parí, ọmọ mi."

"Parí pátápátá? Ṣé a lè sọ ọ́ báyìí?"

"Sọ ọ́! Ohunkóhun tó bá wù ẹ́, sọ ọ́."

Ọmọ náà mí sínú bí ẹni fẹ́ bẹ́ sódò. "Mọ́mì ti gba ilé sí Davenport kí a tó gbéra," ló wí. "Ìyá onílé ní èwo ni màá mú nínú àwọn yàrá náà. Mọ́mì ní ilé ọ̀rẹ́ àwọn ni a wá wò, àmọ́ mo mọ̀. Mi ò sọ ọ́, Dádì. Látìgbà tí ẹ ti ṣàlàyé ní Kansas City, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi Wade."

"Britta, mo ní kó o pa ẹnu ẹ mọ́," Wade wí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wá fìlà rẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, fìlà náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Joleen fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. "Britta mi," ló wí. "Áà, Britta mi. O ti mọ̀ látọjọ́ yìí?"

"Mo rò pé tí mo bá dákẹ́ dáadáa, kò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Gbogbo pápá ṣì ń hó. Lójú pátákó, wọ́n ti fi iná ńlá kọ ohun tí ẹnìkan ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ láti ọ̀sán. Loren wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì rí gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ti gbà wá, àwọn mẹ́rin nínú ọkọ̀ kan, oníkálukú gba ẹnu ara rẹ̀ mú. Eré tí òun ń ṣọ́ ti parí kí wọ́n tó gbéra nílé. Ó rántí ìka tó fi sí ètè.

Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀.

"Yàrá tí o mú ńkọ́," ló bi í, "ṣé ó dáa?"

"Ó ní fèrèsé méjì. Ọ̀kan kọjú sódò."

Odò kan náà tó gba ẹ̀yìn Dubuque ni. Ọ̀dọ̀ òun ni omi rẹ̀ á ti kọ́kọ́ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kì í sì í padà wá.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Loren wí. Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú. "Máa bọ̀, jẹ́ kí n mú ẹ lọ tọ̀."